Ẹ̀rọ Eré Mọ́tò Tí Mo Fi Gba Fírídọ́ọ̀mù

Bí àwọn tó ti ṣàtìpó rí bá ń sọ ìtàn, yìnyín àti bàálù ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ò rí yìnyín, n kò sì wọ bàálù. Kétu ni mo ti wá, Kétu ilé Alákétu tó wà nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Èkó ni mo sì ti lọ di àlejò. Ibodè kan ṣoṣo ló là wá láàárín, èdè kan náà la sì ń sọ. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ lò ní Mùṣín ti fi yé mi pé ẹni tó bá ti kúrò lójú ìyá rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn odi, ì báà ṣe òdìkejì títì ló lọ.

Ìkíni ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Nílé wa, bí o bá pàdé àgbà láàárọ̀, wàá kúnlẹ̀, wàá béèrè oorun, wàá béèrè ọmọ, wàá béèrè àwọn ará oko, àgbà náà á sì máa dá ọ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Mùṣín, kí orúnkún mi tó kanlẹ̀, ẹni tí mò ń kí ti dé ojú títì. "Ẹ káàárọ̀ mà" nìkan ni wọ́n ń gbà, wọn ò dúró gba ìyókù. Mo máa ń wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí n ó máa béèrè àlàáfíà ọkọ lọ́wọ́ ògiri. Ìyá Ṣadé, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló gbà mí sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú.

"Ọmọ dáadáa, dìde jàre," ó ní. "Èkó ò kọ ìkíni o. Orí ìrìn ni wọ́n ti máa ń kí ara wọn."

Ọ̀rọ̀ ibi tí mo ti wá tún ni wàhálà kejì. Bí mo bá ní Kétu ni, wọ́n á ní, "Kétu ti Máìlì Túẹ́lífù? Ṣebí ìtòsí ibí náà ni." Bí mo bá wá ṣàlàyé pé Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni, kíá ni wọ́n á sọ mí di Àgànyìn, wọ́n á bi mí bóyá mo mọ ẹ̀wà sè. Inú máa ń bí mi! Èmi ọmọ Alákétu, tí àwọn baba mi ti ń jọba látayébáyé, èmi ni wọ́n ń ní kí n wá se ẹ̀wà. Nígbà tó yá, mo kọ́ láti fún wọn lésì. Màá ní, "Mo mọ̀ ọ́n sè o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa bá mi fọ ìkòkò." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín dípò kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo sùn dáadáa.

Yábàá ni mo ti ń kọ́ṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Délé, ní àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà Tẹ̀júoṣó. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tò, tí wọ́n sì ń tún ṣe níbẹ̀. Ọ̀gá ti kọ́ iṣẹ́ rédíò tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá kan ní Mùṣín. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nígboro, ó yára kọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo àṣà àwọn onírédíò ló kó wọ inú iṣẹ́ tuntun náà. Ọmọṣẹ́ ló ń pè wá, bí ọmọṣẹ́ sì la ṣe ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ì báà jẹ́ pé o ti kàwé ní yunifásítì.

N kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí mo fi ba nǹkan jẹ́. Mo ti kọ́ nípa iná mànàmáná nílé ìwé ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ni àwọn ẹ̀rọ tí a lò níbẹ̀ ti wá, iná wọn kò sì yàtọ̀ sí tiwa. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó ti ń bọ̀, iná tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún kò sì ju ìdajì tiwa lọ. Bọ́tìnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn àpótí ẹ̀rọ náà tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tì sí apá kejì. Ta ló sọ fún mi? Mo ki wáyà bọ ara ògiri. Ó dún gbàù! Èéfín gba ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan sì sá jáde tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa di ẹrù mi padà sí Kétu nígbà tí Ọ̀gá Délé jáde láti yàrá ẹ̀yìn, tó ń fọwọ́ lé èéfín kúrò lójú.

"Kétu," ó ní, torí bó ṣe ń pè mí nìyẹn, "o kú oríire. Kò sí ọmọṣẹ́ tó gba abẹ́ mi kọjá tí kò yin ìbọn yẹn rí. Wá, jẹ́ kí n fi hàn ọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe."

Kúnlé, ọmọṣẹ́ tó ṣáájú mi, pàtẹ́wọ́. "Wẹ́ẹ̀kọ́ọ̀mù tù Légọ́ọ̀sì!"

Ọ̀gá ní ọgbọ́n kan tó fi ń dán ẹ̀rọ wò. Bó bá tún kọ̀ǹpútà ṣe tán, kì í tẹ ìwé wò lórí rẹ̀. Eré ìdíje mọ́tò kan ló máa ń gbé sínú rẹ̀. Ó máa ń ní, "Ìwé títẹ̀ ò ni ẹ̀rọ lára. Ẹ̀rọ tó ti ń kú lọ náà lè tẹ ìwé. Eré mọ́tò ló ń tú àṣírí wọn." Òótọ́ ló sì sọ. Bí ọpọlọ ẹ̀rọ bá lọ́ra, mọ́tò á máa ta pọ́ún bíi tata dípò kó sáré. Bí ráàmù bá kéré, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, eré á gan lójú ọ̀nà. Bí káàdì àwòrán bá jẹ́ játijàti, gbogbo igi ẹ̀bá ọ̀nà á di bulọ́ọ̀kù. Páwà pákì tó ń fún ẹ̀rọ níná wá ni ọ̀dàlẹ̀ jù nínú wọn: ìgbà tí mọ́tò rẹ bá fẹ́ borí gan-an ló máa pa gbogbo rẹ̀ dé.

Èmi ni Ọ̀gá wá fi ṣe adánwò. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kí n lọ dán àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ wá gbé lọ́jọ́ Ajé wò. N kò ní purọ́, ọjọ́ Àìkú ló ń pa mí jù lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn ará ilé wa á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dé, wọ́n á sì gba àlejò. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á máa ta sánsán fún ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní wá kan ilẹ̀kùn tèmi, torí kò sí ìbátan mi ní gbogbo Èkó. Àárò ilé á sọ mí, àárò ìyá mi, àárò kí ẹnì kan kàn pè mí lórúkọ. Mo máa ń lọ sí Yábàá, mo máa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí, mo máa ń tan ẹ̀rọ, màá sì wa mọ́tò. Lójú ọ̀nà yẹn, ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá Kétu ti Máìlì Túẹ́lífù ni mo ti wá. Mo ń sáré, mo ń kọ lu ògiri, mo ń tún bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́, mo lè di ojú, kí n sì mọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà láti inú bí mọ́tò ṣe ń dún.

Ìparí oṣù ni mo máa ń tẹ ìyá mi láago. Màá lọ tò níbi tí wọ́n ti ń pe fóònù fún èèyàn ní Yábàá, òun náà á ti jókòó sílé olùkọ́ àgbà kan tó ní fóònù ládùúgbò wa. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kù nílé.

"Àlóò! Àlóò! Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ má pariwo, mò ń gbọ́ yín."

"Bí n kò bá pariwo, báwo ni ohùn mi á ṣe kọjá ibodè? Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Ẹ̀bà."

"Ẹ̀bà náà lo jẹ lóṣù tó kọjá. Ṣé kò tíì tán ni?"

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi á bú sẹ́rìn-ín, torí ohùn rẹ̀ ń jáde kedere nínú fóònù náà. Lẹ́yìn náà ló máa wá kan ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ̀gbọ́n mi ti rẹ́ yàrá iwájú ilé. Ó ti kùn ún ní búlúù. Ibẹ̀ ni mo máa gbé kọ̀ǹpútà sí, tí n ó máa tẹ ìwé fáwọn èèyàn, kí ará Kétu má baà máa gbé ìwé lọ tẹ̀ níbòmíràn mọ́.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Bí mo bá ti gba fírídọ́ọ̀mù, Ìyá."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, òótọ́ ni mo sọ. Mo sọ ọ́ lọ́dún kejì, ẹnu mi wúwo díẹ̀. Nígbà tó di ọdún kẹta, mo kàn ń sọ ọ́ ni, bí ẹni ń kí èèyàn.

N kò lè tọ́ka sí ọjọ́ tí ìlú náà wọ̀ mí lára. Èrò mi ni pé ilé tí mo lọ ní Sùúrùlérè wà lára rẹ̀. Tíṣà obìnrin kan ló ń gbé ibẹ̀, Màmá Tólú, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí rẹ̀ ò lọ, ó kàn ń ta pọ́ún-pọ́ún. Ọ̀gá ní kí n lọ wò ó. Mo ṣí i, mo fi ráàmù kún un, mo yọ káàdì àwòrán rẹ̀, mo fi èyí tó dáa sí i. Àwọn ọmọ pariwo nígbà tí mọ́tò gbéra. Nígbà tí bàbá wọn tibi iṣẹ́ dé, ó ní kí òun kàn wò ó fìrí. Oúnjẹ tutù, ìyàwó pè é títí, bàbá ò dìde.

"Àǹtí," Màmá Tólú sọ fún mi, "ẹ ti bá mi tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ tún ti bá mi ba ọkọ jẹ́."

Láti ìgbà náà ni àwọn ará Sùúrùlérè ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, kì í sì í ṣe Ọ̀gá ni wọ́n ń béèrè. "Àǹtí Kétu ńkọ́?" ni wọ́n ń wí. Ẹni tí kò bá tíì jẹ́ àlejò rí ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn tó létí. Wọ́n ń wá mi! Ní ìlú tí èèyàn pọ̀ bí eṣú, ẹnì kan wà tó jẹ́ pé bí n kò bá sí níbẹ̀, á mọ̀ pé n kò sí.

Ìgbà tó yá, Ọ̀gá ní ó tó kí n gba fírídọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n láwùjọ oníṣẹ́ ọwọ́: ọjọ́ tí ọ̀gá á dá ọmọṣẹ́ sílẹ̀ lójú àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n á fi oyin àti iyọ̀ ṣàdúrà fún un, tí òun náà á di ọ̀gá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà tí Ọ̀gá Délé bá lọ́dọ̀ bàbá tó kọ́ ọ ní rédíò. Ọmọṣẹ́ á dá wọ inú yàrá ẹ̀yìn, á ṣa ẹ̀yà ẹ̀rọ tó bá wù ú lórí pákó, á tò ó fúnra rẹ̀, á sì tan án lójú gbogbo èèyàn. Bó bá tàn, tirẹ̀ ni, ohun tó máa fi bẹ̀rẹ̀ ayé nìyẹn. Bí kò bá tàn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá ò sì gbọ́dọ̀ ní kó mú tibí tàbí kó fi tọ̀hún sílẹ̀.

Kúnlé ti gba tirẹ̀ ṣáájú mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tò, ó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Yábàá, ó ń tẹ ìwé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un, pé ẹ̀rọ eré ni mo fẹ́ tò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga.

"Géèmù kẹ̀? Kétu, o ò siríọ́ọ̀sì! Ta ló ń jẹ géèmù yó? Abẹ́ẹ̀gì, to ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kó o lọ máa ṣe madáámù nílùú yín."

Ọ̀gá náà ti rò pé mò ń lọ. Ó ti rán ẹnì kan sí Kútọnu láti bá mi ra kíbọ́ọ̀dù àwọn Faransé, irú èyí tí wọ́n ń lò nílẹ̀ wa. Ó gbé e sórí pákó. Oore ńlá ni, ó sì dùn mí wọ egungun. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ bó ṣe rí. Bí mo bá mú kíbọ́ọ̀dù yẹn, ilé ni mò ń lọ, inú yàrá búlúù, sọ́dọ̀ ìyá mi. Bí mo bá to ẹ̀rọ eré, Èkó ni mo wà, torí ní Kétu ìgbà náà, n kò mọ ẹni tó máa gbé irú rẹ̀ sílé. Ìyá mi sì ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n fi wá kó èmi àti ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ ìdásílẹ̀ náà. N kò sọ nǹkan kan fún un lórí fóònù. Ojú ló tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ọjọ́ tí mo wọ yàrá ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà àgbélétan kan ni mo kọ́kọ́ rí, tòkunbọ̀, tí èèyàn lè pa dé bí ìwé kó sì gbé e sábẹ́ apá. Èṣù ni ẹ̀rọ yẹn. Ó ní mo lè gba èyí, kí n má sì yan ibì kankan: òní Èkó, ọ̀la Kétu. Mo tan án, mo gbé eré mọ́tò sí i. Bí mọ́tò ṣe ń sáré ni ojú rẹ̀ ń ṣú, mọ́tò ń fa òjìji sẹ́yìn títí ó fi pòórá pátápátá. Kò sì sí ohun tí èèyàn lè tú nínú rẹ̀ fi pààrọ̀. Mo pa á dé. Ẹ̀rọ tí kò wúwo ò ní gbóríyìn lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Ọpọlọ ẹ̀rọ tó yá jù wà níbẹ̀, tó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n ó máa ń gbóná bí ààrò, ọ̀sán Èkó sì gbóná tó láìfi kún un. Mo mú èyí tó tẹ̀lé e, mo wá mú fáànù tó tóbi ju èyí tó yẹ ẹ́ lọ, torí ẹ̀rọ tí orí rẹ̀ tutù á sáré ju ẹ̀rọ tí orí rẹ̀ yá lọ. Mo fi ráàmù tó pọ̀ àti káàdì àwòrán tó dáa kún un. Mo mú káàdì tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ dún, torí eré tí kò dún dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Nígbà tó kan páwà pákì, mo gbé wọn sọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gbé iṣu wò lọ́jà. Èyí tó bá fúyẹ́, òfìfo ló wà nínú rẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n ì báà kọ sí i lára. Mo mú èyí tó wúwo. Mo sì mú sítábíláísà, torí bí iná ìjọba bá ti ń lọ, tó ń bọ̀, òun ni kò ní jẹ́ kó jó ìyókù. Lópin gbogbo rẹ̀, mo mú mọ́nítọ̀ tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wúwo débi pé mo jókòó sinmi kí n tó gbé e délẹ̀. Mo wo kíbọ́ọ̀dù Faransé yẹn lórí pákó. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo mú irú èyí tí wọ́n ń lò ní Èkó.

Nígbà tí mo jáde, Ọ̀gá wo ohun tí mo kó, ó wo ojú mi, ó ṣí ẹnu, ó rántí ìlànà, ó pa á dé. Ó lọ ra gúgúrú lódìkejì títì.

Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́sàn-án Jímọ̀ọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyá mi wọlé. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń wo yàrá. Ìyá Ṣadé gbé oúnjẹ wá láìkanlẹ̀kùn, bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí a ti di ara wa. Ó jókòó tì wá, ó ń sọ fún ìyá mi bí mo ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí ògiri nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ọmọ ilé ń pe "Àǹtí Kétu" lójú fèrèsé. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, mo mú ìyá mi lọ ra aṣọ ní Tẹ̀júoṣó, a sì ń kí èèyàn láti ibẹ̀ padà, lórí ìrìn. Ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. N kò mọ ohun tó ń rò, n kò sì láyà láti béèrè.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa wà níbẹ̀, Kúnlé wà níbẹ̀, Màmá Tólú àti ọkọ rẹ̀ wá láti Sùúrùlérè. Bàbá onírédíò tó kọ́ Ọ̀gá jókòó síwájú, tòun ti ọ̀pá. Wọ́n pín mínírà àti ṣinṣín. Mo tò ó tán lójú wọn, mo ki wáyà bọ ògiri, mo tẹ bọ́tìnì.

Ojú mọ́nítọ̀ dúdú. Ẹ̀rọ náà ké píìì, ó dákẹ́, ó tún ké píìì.

Gbogbo ilé na ọrùn wò ó. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń dá gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Òógùn bo mí, ṣùgbọ́n mo mọ igbe yẹn. Bí ráàmù bá ń ṣàìfarakan ibi tó yẹ kó fara kàn ló ń ké bẹ́ẹ̀. Mo yọ iná, mo ṣí àpótí, mo fa ráàmù yọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní írésà, èyí tí ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́. Ọkọ Màmá Tólú rò pé orí mi ti dàrú. Mo fi írésà nu etí ráàmù náà títí ó fi ń dán, mo dá a padà, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kẹ́. Mo tan án.

Mọ́tò pupa yọ lójú mọ́nítọ̀, ó ń kùn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gbéra! Igi ẹ̀bá ọ̀nà ń kọjá geere, ojú ọ̀run mọ́, ariwo ìdíje gba ṣọ́ọ̀bù kan. Bàbá onírédíò fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi létí. "Ó dáa gan-an," ó ní. "Níbo ni wọ́n ti ń tẹ ìwé nínú rẹ̀?"

"Kì í ṣe ti ìwé, Ẹ̀gbọ́n. Ti eré ni. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ máa tò fún àwọn èèyàn."

"Ní Kétu?"

Mo tẹjú mọ́ mọ́tò pupa náà. Ó wo ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níta, ó wá wo ìyá wa. Ìyá wa ò wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń wúwo, ó yára fa ètò síwájú. Wọ́n fi oyin tọ́ mi lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ tọ́ mi, wọ́n ṣàdúrà. Ohun tó wá kù ni èyí tí mò ń bẹ̀rù. Ọ̀gá di ọwọ́ mi mú, ó nà án sí ìyá mi.

"Ìyá, ẹ gbé ọmọ yìí lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Mo ti kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Mo dá a padà fún yín. Ṣé ẹ gbà á?"

Ìyá mi dìde. Ó gba ọwọ́ mi, ó dì í mú gírígírí. "Mo gbà á," ó ní. "Ẹ ṣé. Olúwa á bá yín tọ́ tiyín."

Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, mo ti di ará inú ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò tíì jókòó.

"Láti àná ni mo ti ń ṣọ́ ọmọ mi," ó ń bá a lọ. "Ó jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú aránṣọ. Àwọn ọmọdé ń pè é. Nígbà tí a ń ti ọjà bọ̀, ó ní kí n yára, ká tètè délé. Mo dúró, mo rò ó pé ilé wo? Yàrá Mùṣín yẹn ló ń pè bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ tó bá ti nílé, a kì í jí i gbé."

Ó gbé ọwọ́ mi, ó dá a padà sínú ọwọ́ Ọ̀gá.

"Kì í ṣe ti ìkọ́ṣẹ́ mọ́ o. Mo fi í lé gbogbo yín lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kó máa jẹ ẹ̀bà nìkan."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin, n kò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo sunkún, Ìyá Ṣadé sunkún, Ọ̀gá yíjú sí ara ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ń kùn pé kí lòun fẹ́ fi yàrá tí òun fi búlúù kùn ṣe. Ìyá mi ní kó kó àgbàdo sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló so gèlè rẹ̀ le, ó fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé kíbọ́ọ̀dù.

"Sún síbẹ̀," ó sọ fún mi. "Jẹ́ kí n rí ohun tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi."